Àmì-Ẹ̀yẹ àti Òpó Ilé: Àtúpalẹ̀ Lámèyítọ́ lórí Ìbọláfúnni fún Iṣẹ́ Igi Nínú Ilé Kíkọ́, pẹ̀lú Àfiyèsí sí Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Àṣamọ̀

Ère gbígbẹ́ ti gba àfiyèsí púpọ̀ láàrin àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọnà Yorùbá. Ohun tí pépà yìí mú ní ọ̀kúnkúndùn yàtọ̀ díẹ̀: òpó, ìlẹ̀kùn àti òrùlé, èyí tí í ṣe ara ilé, àti bí àwùjọ ṣe ń bọlá fún ẹni tí ó ṣe wọ́n. Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ni ibùdó àyẹ̀wò náà. Ìbọláfúnni mẹ́rin ni a fi ojú lámèyítọ́ wò: oríkì, ìpààrọ̀ ìlẹ̀kùn ààfin Ìkẹ̀rẹ́ ní ọdún 1924, àmì-ẹ̀yẹ UNESCO tí Lámídì Fákẹ́yẹ gbà ní ọdún 2006, àti àmì-ẹ̀yẹ ìfihàn iṣẹ́ ilé kíkọ́ ti Venice ní ọdún 2016 àti 2023. Ohun tí ó hàn ni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yin ohun kan, ó sì gbójú fo òmíràn. Pépà náà dábàá àmì-ẹ̀yẹ tí àwọn ìlú méjèèjì lè dá sílẹ̀ fúnra wọn, lórí òṣùwọ̀n tí èdè Yorùbá ti là kalẹ̀.

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní yin ni yin ni, kí ẹni lè ṣe òmíràn. Òwe yìí fi yé ni pé ìyìn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Irinṣẹ́ ni, gẹ́gẹ́ bí àáké ti jẹ́ irinṣẹ́. Òun ni àwùjọ fi ń ti ọlọ́gbọ́n ọwọ́ síwájú. Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò bá yìn mọ́, kì í pẹ́ kí àwọn ọmọdé tó kọ̀ láti kọ́ ọ.

Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni ó ti sọ ìyìn yìí di ètò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1971 ni ẹgbẹ́ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ìlú Lọ́ńdọ́ọ̀nù ti dá àmì-ẹ̀yẹ sílẹ̀ fún ilé tí a fi igi kọ́ dáradára. Àmì-ẹ̀yẹ náà ni a mọ̀ sí Wood Awards lónìí. Ohun tí ó yẹ kí a fi ọkàn sí nínú ètò náà ni pé àwọn onídàájọ́ rẹ̀ kì í fi àwòrán nìkan dájọ́. Wọ́n ń lọ sí ìdí ilé tí ó bá wọ ìpele àṣekágbá, wọ́n ń fi ojú rí i, wọ́n sì ń fi ọwọ́ kàn án.

Ọ̀yọ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ iyì òpó. Johnson (1921) kọ ọ́ sínú ìtàn pé Aláàfin Agànjú ni ó bu ẹwà kún ààfin, tí ó fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún un níwájú àti lẹ́yìn, tí ó sì to òpó idẹ síbẹ̀. Nígbà tí Clapperton dé Ọ̀yọ́-Ilé ní ọdún 1826, ohun tí ó kọ nípa ààfin ni pé a gbẹ́ ọnà sára àwọn ìlẹ̀kùn àti òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀: òjòlá tí ó ń pa ẹran, àti àwọn jagunjagun tí wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ pẹ̀lú àwọn onílù wọn. Ó tún ṣe àkíyèsí pé kì í ṣe ọba nìkan ni ó fẹ́ràn ọnà bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ìlú náà fẹ́ràn àtimáa ṣe ìlẹ̀kùn àti òpó wọn lọ́ṣọ̀ọ́. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ ẹ̀wẹ̀, abẹ́ igi ni ìtàn ìlú ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí igi àjàgbọn ni ìtàn sọ pé Ògúnlọlá, Ṣọ̀ún àkọ́kọ́, tẹ̀dó sí.

Bí igi bá ṣe pàtàkì tó báyìí nínú ìtàn àwọn ìlú méjèèjì, ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí lámèyítọ́ béèrè. Ta ní ń yin òpó? Kí ni ó fi ń wọn òpó kí ó tó yìn ín? Ìgbà wo sì ni ó ń yìn ín? Ìbéèrè kẹta yìí ni ó le jù nínú wọn, gẹ́gẹ́ bí yóò ti hàn níwájú.

Òṣùwọ̀n Ẹwà: Láti Ara Ère dé Ara Òpó

Kò sí bí a ó ṣe sọ̀rọ̀ àmì-ẹ̀yẹ láìkọ́kọ́ sọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n. Thompson (1973) ṣe iṣẹ́ tí ó lààmìlaaka lórí èyí. Ó gbé ère síwájú àwọn ènìyàn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ó ní kí wọ́n sọ èyí tí ó dára jù àti ìdí rẹ̀. Nínú èsì wọn ni ó ti rí àwọn ọ̀rọ̀ bíi jíjọra, ìfarahàn, gígún, dídán, ọ̀dọ́ àti tútù. Jíjọra túmọ̀ sí pé kí ère jọ ohun tí a fi ṣe, síbẹ̀ kí ó má jọ ọ́ jù bí ẹni ya fọ́tò. Ìfarahàn ni kí ojú, imú àti ilà hàn ketekete. Gígún ni kí ó dúró ṣánṣán, kí apá ọ̀tún àti òsì bára mu. Dídán ni kí ara rẹ̀ máa gba ìmọ́lẹ̀. Ọ̀dọ́ ni kí ó wà ní ìgbà agbára ayé rẹ̀, nígbà tí tútù jẹ mọ́ ìfọ̀kànbalẹ̀ tí ó hàn lójú rẹ̀. Rowland Abíọ́dún ní tirẹ̀ gbé ojú kúrò lára ère lọ sára ẹni tí ó gbẹ́ ẹ: ó ṣàlàyé ojú inú, ìfarabalẹ̀ àti ìlutí gẹ́gẹ́ bí ìwà tí iṣẹ́ dáradára ti ń jáde.

Àǹfààní iṣẹ́ méjèèjì kò kéré. Wọ́n já ìrònú àwọn tí ó gbà pé àwọn àjèjì ni ó kọ́ Yorùbá ní lámèyítọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé òṣùwọ̀n Thompson wá sára ilé, àlàfo kan hàn. Ère ni wọ́n fi dá a sílẹ̀, òpó kì í sì í ṣe ère lásán. Ẹ jẹ́ kí a mú òpó tí a gbẹ́ ní àwòrán jagunjagun lórí ẹṣin tàbí ti obìnrin tí ó kúnlẹ̀ pọnmọ. Ó lè jọra, ó lè gún, ó lè dán. Bí ó bá wá tẹ̀ lábẹ́ òrùlé ńkọ́? Bí ikán bá ti jẹ ìdí rẹ̀ kí ọdún mẹ́ta tó pé ńkọ́? Kò sí èyí tí ó dáhùn ìbéèrè yìí nínú ọ̀rọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà náà.

Ìdáhùn wà nínú èdè, àmọ́ ibòmíràn ni ó wà. Ó wà nínú orúkọ orílẹ̀ kan tí ó gbajúmọ̀, èyí tí í ṣe Òpómúléró. Bí a bá tú orúkọ náà palẹ̀, ohun tí a ó rí ni òpó + mú + ilé + ró. Fáwẹ̀lì /i/ inú ‘ilé’ ni ó jẹ́ ìpajẹ. Gbólóhùn ni orúkọ yìí, lámèyítọ́ sì ni pẹ̀lú. Kò sọ pé òpó rẹwà. Ohun tí ó sọ ni iṣẹ́ tí òpó ń ṣe. Ó fi òpó ṣe olùwà, ó fi ilé ṣe àbọ̀, ó sì fi ìró, ìyẹn ìdúró ṣinṣin, ṣe òpin ọ̀rọ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ìgbéró ni òṣùwọ̀n àkọ́kọ́ fún òpó. Ẹwà tí kò gbé ilé ró, ẹwà ère ni; kò tíì di ẹwà òpó.

Ọ̀nà tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ń gbà ṣiṣẹ́ tì í lẹ́yìn. Carroll (1967) ṣe àkọsílẹ̀ ìpele mẹ́rin tí iṣẹ́ gbígbẹ́ ń gbà: ọnà lílé, níbi tí a ti ń fi àáké la ìrísí gbogbogbò jáde, àlétúnlé, níbi tí orí, ọrùn àti ẹsẹ̀ ti ń yọ, dídán, níbi tí a ti ń mú ara igi jọ̀lọ̀, àti fínfín, níbi tí a ti ń fi ọ̀bẹ fín irun, ilà àti aṣọ sí i. Kí ìpele àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni a ti yan igi. Ìrókò àti apá kò rọrùn fún ikán láti jẹ. Arère fúyẹ́, ó sì rọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ nínú òjò. Igi tí kò tíì gbẹ dáadáa yóò sán bí oòrùn bá pa á. Ìyẹn ni pé a ti lè ba òpó jẹ́ kí a tó fi àáké kàn án. Ìṣòro tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ ìdánilọ́lá ni pé fínfín ni wọ́n ń wò, nígbà tí ó jẹ́ pé fínfín ni ó kẹ́yìn iṣẹ́.

Oríkì gẹ́gẹ́ bí Àmì-Ẹ̀yẹ Àkọ́kọ́

Kí ìwé ẹ̀rí àti ife fàdákà tó dé, oríkì ni Yorùbá fi ń dá ọlọ́nà lọ́lá. Lágbàyí ará Ọ̀jọwọ̀n kò fi ìwé kankan sílẹ̀, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ kò tíì parẹ́ lẹ́nu àwọn tí ó ń ki ìdílé àwọn agbẹ́gilére. Àpẹẹrẹ tí ó ní ọjọ́ nínú ni ti Olówè ará Ìsẹ̀, ẹni tí ó ṣiṣẹ́ fún Arínjalẹ̀ ní Ìsẹ̀ àti fún Ògògà ní Ìkẹ̀rẹ́. Ọdún 1938 ni Olówè kú. Ní ọdún 1988, àádọ́ta ọdún gééré lẹ́yìn náà, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ṣì ki oríkì rẹ̀ fún John Pemberton, ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Àmì-ẹ̀yẹ wo ni ó tún lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láìsí owó, láìsí ọ́fíìsì, láìsí akọ̀wé?

Agbára oríkì ni pé ó so orúkọ mọ́ iṣẹ́. Ó tún so ọmọ mọ́ baba: ọmọ agbẹ́gilére tí ó ń gbọ́ oríkì baba rẹ̀ láràárọ̀ mọ ohun tí ayé ń retí lọ́wọ́ òun. Ṣùgbọ́n lámèyítọ́ kò gbọdọ̀ fi ìfẹ́ bo àléébù mọ́lẹ̀. Oríkì ń yìn, kì í ṣe àfiwé. Kò sí oríkì tí yóò sọ pé òpó apá ọ̀tún dára ju ti òsì lọ. Ẹnu ni ó ń gbé e kiri. Bí agboolé bá tú, tí àwọn ìyàwó ilé tí ó mọ̀ ọ́n kì bá kú, oríkì náà a wọ ilẹ̀ lọ pẹ̀lú wọn. Ó sì máa ń fi ẹni kan ṣoṣo ṣe orí iṣẹ́ tí ọwọ́ púpọ̀ ṣe. Ẹni tí ó gé igi, ẹni tí ó gbé e wálé àti ọmọṣẹ́ tí ó dán an kì í sábà sí nínú rẹ̀.

Ìlẹ̀kùn Ìkẹ̀rẹ́, 1924: Ìyìn Tí Ó Gbé Ìlẹ̀kùn Kúrò Nílé

Ìlẹ̀kùn tí Olówè gbẹ́ fún ààfin Ògògà ṣe àfihàn ìgbà tí ọba gba òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní àlejò. Ògògà jókòó pẹ̀lú àwọn tirẹ̀. Àwọn aláàárù gbé òyìnbó náà wọlé nínú àga ìgbérù. Àwọn ère inú rẹ̀ yọ síta gan-an lára pákó, tó bẹ́ẹ̀ tí orí wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lára rẹ̀. Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ìlẹ̀kùn yìí lọ sí ìfihàn ńlá ti ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum fẹ́ ẹ. Ògògà gbà pé kí wọ́n fi ìtẹ́ tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààrọ̀ rẹ̀. Bí ìlẹ̀kùn náà ṣe dúró sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù nìyẹn.

Ìyìn ni èyí lóòótọ́. Iṣẹ́ ọmọ Èkìtì dúró láàrin iṣẹ́ gbogbo ayé, kò sì tijú. Kò sí iyèméjì pẹ̀lú pé ikán àti iná kò rí i jẹ níbẹ̀. Síbẹ̀, ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí a kíyè sí. Èkíní, ọba ni ó gba ẹ̀san, kì í ṣe ọlọ́nà. Èkejì, a yin ìlẹ̀kùn náà títí ó fi dẹ́kun láti jẹ́ ìlẹ̀kùn. Ìlẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni kò ṣí mọ́, tí ẹnikẹ́ni kò tì mọ́, ti di àwòrán. Ẹ̀kẹta, ìyìn náà kò padà sí ìdí iṣẹ́. Àwọn tí ó wò ó ní Wembley kò lè pe Olówè kí ó wá kọ́ ọmọ wọn. Irú ìbọláfúnni yìí yin ohun tí a ṣe, ó sì fi ibi tí a ṣe é fún sílẹ̀.

Fákẹ́yẹ, 2006: Ìyìn fún Ọwọ́

Ọ̀nà míràn ni ètò tí UNESCO tẹ́wọ́ gbà ní ọdún 1993 gbà. Ẹni tí ó ní ìmọ̀ ìbílẹ̀ lọ́wọ́ ni ètò náà bọlá fún nígbà náà, gẹ́gẹ́ bí Japan ti ń ṣe lábẹ́ òfin rẹ̀ ti ọdún 1950. Ní ọdún 2006 ni wọ́n fi oyè náà dá Lámídì Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, lọ́lá. Ìdílé agbẹ́gilére ni wọ́n bí i sí. Ó tún kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Bándélé, ọmọ Àrẹògún, ní ibùdó iṣẹ́ tí Fadá Kevin Carroll dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Ó wá kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin èyí àti ti Wembley hàn gbangba. Níbí, ọwọ́ ni a yìn, a sì yìn ín nítorí pé ó lè kọ́ ọwọ́ míràn. Bí a bá fi òwe ìṣáájú wọ̀n ọ́n, èyí ni ó súnmọ́ ‘kí ẹni lè ṣe òmíràn’ jù. Ìṣòro rẹ̀ ni àkókò. Oṣù Kejìlá ọdún 2009 ni Fákẹ́yẹ jáde láyé, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn ọlá náà. Ẹni tí ó ti ń gbẹ́gi fún ohun tí ó lé ní àádọ́ta ọdún ni a wá sọ fún ayé pé ó mọ̀ ọ́n gbẹ́. Àwọn ọmọṣẹ́ tí ìyìn yẹn ìbá ti fún ní ìgboyà láti dúró ti iṣẹ́ náà ti lọ wá iṣẹ́ míràn kí ó tó dé.

Makòko àti Ìbàdàn: Kíá àti Pẹ́

Bí pípẹ́ bá ní àléébù, ṣé yíyára ni ó dára? Kúnlé Adéyẹmí ya àwòrán ilé ẹ̀kọ́ alájà mẹ́ta kan tí a fi igi kọ́ lórí omi ní Makòko, Èkó, tí ó parí ní ọdún 2013. Àgbá oníke tí ó lé ní igba ni ó gbé e léfòó. Ìrísí rẹ̀ dà bí òrùlé tí ó jókòó lé omi, àwòrán rẹ̀ sì kárí ayé. Ní ọjọ́ 28, oṣù Karùn-ún, ọdún 2016, wọ́n fún Adéyẹmí ní Kìnnìún Fàdákà ní ìfihàn iṣẹ́ ilé kíkọ́ ti Venice, níbi tí ó ti kọ́ irú ilé náà kejì. Ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹfà, ọdún kan náà, òjò líle rọ̀ ní Èkó, ilé ti Makòko sì wó. Ọjọ́ mẹ́wàá ni ó wà láàrin àmì-ẹ̀yẹ àti ìwólulẹ̀. Wọ́n ti kó àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kúrò níbẹ̀ láti oṣù Kẹta, nítorí náà kò sí ọmọ kankan nínú rẹ̀.

Kò tọ̀nà láti fi ìwólulẹ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́ ayàwòrán-ilé náà. Èrò rẹ̀ jinlẹ̀: ó gbà pé àwọn ará orí omi náà yẹ ní ilé tí ó dára, ó sì lo igi àti ọwọ́ àwọn ènìyàn àdúgbò. Àwọn tí ó yẹ kí lámèyítọ́ bi léèrè ọ̀rọ̀ ni àwọn onídàájọ́. Kí ni wọ́n yìn? Wọ́n yin ìrísí, wọ́n yin èrò, wọ́n sì yin èyí tí ó dúró sí Venice níwájú wọn. Ìgbéró ilé tí ó wà lójú omi Makòko kò sí lára ohun tí wọ́n wọ̀n. Jíjọra pé, ìfarahàn pé, ọ̀dọ́ pé. Òpómúléró ni kò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2023, ní ìfihàn yìí kan náà. Demas Nwoko ni wọ́n fún ní Kìnnìún Wúrà fún iṣẹ́ gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀. Lára iṣẹ́ rẹ̀ tí a mọ̀ jù ni ilé ìsìn àwọn Dominican ní Ìbàdàn, tí ó kọ́ ní àwọn ọdún 1970, pẹ̀lú àwọn òpó onígi tí a gbẹ́ ọnà sí. Ilé náà kò sí ní Venice. Ìbàdàn ni ó wà, wọ́n sì ń lò ó. Nígbà tí àmì-ẹ̀yẹ fi dé, ó ti rí òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn tí ó tó àádọ́ta ọdún. Ìgbéró rẹ̀ kò nílò ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n Nwoko, tí a bí ní ọdún 1935, ti tó ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún kí wọ́n tó gbé ọlá náà fún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó nìyí. Àmì-ẹ̀yẹ tí ó yára lè yin ilé tí kò ní dúró. Àmì-ẹ̀yẹ tí ó pẹ́ yóò yin ilé tí ó dúró, ṣùgbọ́n ọlọ́nà lè ti darúgbó, ọmọṣẹ́ sì lè ti sá. Ohun tí ó fà á ni pé a ń fi àmì-ẹ̀yẹ kan ṣoṣo yin ohun méjì tí àkókò wọn kò dọ́gba: ọwọ́ ènìyàn àti ìdúró ilé. Ọwọ́ kò lè dúró de ilé, ilé kò sì lè sáré bá ọwọ́.

Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ Lónìí

Nígbà tí koríko bẹẹrẹ ni a fi ń bo ààfin Ọ̀yọ́, ọdún Bẹẹrẹ wà fún un, àwọn ìlú abẹ́ Ọ̀yọ́ a sì máa ru koríko wá. Òrùlé koríko máa ń wálẹ̀ dáadáa kí òjò má ba ògiri amọ̀ jẹ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ó ń tẹ̀ lé e, òpó ni ó sì ń gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ró. Páànù àti sìmẹ́ǹtì yí gbogbo èyí padà. Ògiri búlọ́ọ̀kù kò bẹ̀rù òjò bí ògiri amọ̀, nítorí náà ilé kò nílò ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn mọ́. Níbi tí ó bá sì wà, òpó kọnkéré ni ó ń gbé e. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kórìíra òpó onígi. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, iṣẹ́ igi kò tíì kú ní ìlú méjèèjì. Àwọn káfíńtà ń kan òrùlé, wọ́n ń ṣe ìlẹ̀kùn àti fèrèsé. Ṣọ́míìlì ń la gẹdú. Ògbómọ̀ṣọ́ ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá láti ọdún 1990, níbi tí a ti ń kọ́ni ní ilé yíyà. Ohun tí kò sí ni okùn tí ó so àwọn wọ̀nyí pọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé yíyà lè jáde láìmọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin apá àti arère lójú ikán. Káfíńtà lè dàgbà sídìí iṣẹ́ láìgbọ́ ọ̀rọ̀ ìfarahàn rí. Nígbà tí ilé àtijọ́ bá wó, òpó rẹ̀ a di igi ìdáná, tàbí kí oníṣòwò ère rà á lọ, nítorí pé kò sí ẹni tí ó kọ orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ sílẹ̀.

Àbá lórí Àmì-Ẹ̀yẹ Ìlú

Ohun tí àyẹ̀wò yìí tọ́ka sí ni àmì-ẹ̀yẹ ẹlẹ́ka méjì. Ẹ̀ka kìn-ín-ní yóò jẹ́ ti ọwọ́: fún ọmọṣẹ́ tàbí ọ̀dọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, lórí iṣẹ́ tí ó ti fara da òjò ọdún méjì ó kéré tán. Ẹ̀ka kejì yóò jẹ́ ti ilé: fún òpó, ìlẹ̀kùn tàbí òrùlé tí ó ti lo ogún ọdún, tí a sì ń lò síbẹ̀. Èkíní yóò máa fún ọ̀dọ́ ní ìdí láti dúró; èkejì yóò máa fún onílé ní ìdí láti tọ́jú.

Ìgbìmọ̀ onídàájọ́ gbọdọ̀ ní àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà, ayàwòrán-ilé, olùkọ́ èdè Yorùbá, àti ẹnì kan láti inú àwọn tí ó mọ oríkì kì. Ìdí ilé ni wọn yóò ti jókòó. Ìgbéró ni wọn yóò kọ́kọ́ wò, kí wọ́n tó wo gígún, ìfarahàn àti dídán. Orúkọ gbogbo ọwọ́ tí ó kan igi náà ni yóò wọ inú ìwé ẹ̀rí, láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó là á ní ṣọ́míìlì títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó fín in. Yorùbá ni a ó fi kọ ìdí tí iṣẹ́ náà fi gba ọlá, a ó sì kì í ní gbangba. Nípa báyìí, oríkì yóò rí ìwé tí yóò máa pa á mọ́, ìwé náà yóò sì rí ohùn.

Àwọn kan lè sọ pé àmì-ẹ̀yẹ yóò dá ìlara sílẹ̀ láàrin àwọn ẹlẹ́gbẹ́, tàbí pé yóò sọ iṣẹ́ ìdílé di ìdíje. Àríyànjiyàn yìí kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìdíje ti wà tipẹ́: ọba tí ó pe Olówè tí kò pe ẹlòmíràn ti dájọ́. Ohun tí ètò gbangba yóò fi kún un ni ìdí, kí ẹni tí kò gbà á lè mọ ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ kù. Àwọn míràn lè sọ pé yíyin iṣẹ́ igi yóò mú kí a gé ìrókò púpọ̀ sí i. Èyí wúwo jù, nítorí ìrókò kì í dàgbà lọ́dún díẹ̀. Ohun tí ó yẹ ni pé kí ìtúnlò òpó àtijọ́ ní máàkì tirẹ̀, kí ẹni tí ó bá gba ọlá sì gbin igi sí ààyè tí ìlú yóò yà sọ́tọ̀.

Ohun Tí Ó Kan Olùkọ́

Kò di ìgbà tí owó bá dé kí olùkọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Nínú ẹ̀kọ́ àṣà àti lítíréṣọ̀, olùkọ́ lè kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí agboolé kan tí òpó tàbí ìlẹ̀kùn ọlọ́nà ṣì wà, lẹ́yìn tí ó bá ti gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé, pàápàá bí ojúbọ bá wà níbẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ béèrè orúkọ igi náà, kí ó béèrè ẹni tí ó gbẹ́ ẹ, kí ó wo ìdí òpó kí ó tó wo ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ó kọ ojú ìwé kan, kí ó lo jíjọra, gígún, dídán àti ìgbéró, kí ó sì sọ àléébù tí ó rí láìbú ẹnikẹ́ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ṣe èyí lẹ́ẹ̀mẹta ti di onídàájọ́. Bí ogún akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe é, àkọsílẹ̀ òpó ìlú ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nínú ìwé àjákọ lásán.

Àgbálọgbábọ̀

Pépà yìí ti fi hàn pé oríkì yin orúkọ, Wembley yin ohun tí a ṣe, UNESCO yin ọwọ́, Venice yin èrò ní ọdún 2016, ó sì yin ìdúró ní ọdún 2023. Kò sí èyí tí kò ní iyì tirẹ̀ nínú wọn, kò sì sí èyí tí ó tó fúnra rẹ̀. Òṣùwọ̀n tí yóò so wọ́n pọ̀ kò jìnnà. Ó wà nínú orúkọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jẹ́ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ láìrò ó. Bí òpó kò bá mú ilé ró, ìyìn rẹ̀ kò tíì tọ́ sí i. Bí ó bá sì ti mú ilé ró tipẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ, gbèsè ni ó wà lọ́rùn àwọn tí ó ń gbé abẹ́ òrùlé náà.